Kí o tó di ẹrù mọ́ alùpùpù: ìdáhùn fún àbúrò tí ó fẹ́ dá nìkan yí Nàìjíríà ká

Àbúrò mi, mo ka ìbéèrè rẹ lẹ́ẹ̀mejì kí n tó jókòó láti dáhùn. O ní Sùúrùlérè ni ò ń gbé, pé Bajaj Boxer 150 kan wà nílẹ̀ tí o kò rí gùn dáadáa láti ìgbà tí wọ́n ti fòfin de ọ̀kadà ládùúgbò yín, pé wọ́n fún ọ ní ìsinmi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta níbi iṣẹ́, àti pé o fẹ́ dá nìkan gùn ún yí Nàìjíríà ká, kí o máa pàgọ́ sínú igbó lálaalẹ́ kí owó òtẹ́ẹ̀lì má baà wọ̀ ọ́ lọ́rùn. O béèrè irú àgọ́ tí ó yẹ, ẹrù tí o máa dì, ọ̀nà tí o máa gbà, àti ohun tí o máa sọ fún màmá rẹ. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni èmi ti ṣe irú ìrìn-àjò yìí láti Ẹ̀búté-Mẹ́ta, ọ̀kan nínú wọn sì parí sórí ibùsùn ilé ìwòsàn, nítorí náà n kò ní í dá ọ lẹ́kun, n kò sì ní í tàn ọ́.

Ọ̀rọ̀ sísùn sínú igbó ni kí a kọ́kọ́ mú kúrò nílẹ̀. Ní ìrìn-àjò mi àkọ́kọ́, lóṣù Kọkànlá ọdún 2018, mo kọjá Ọ̀yọ́ ní nǹkan bí aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, mo sì rí oko kajú kan tí abẹ́ rẹ̀ mọ́ tónítóní bí ẹni pé wọ́n gbá a sílẹ̀ dè mí. Mo ti máṣíìnì wọ inú rẹ̀, mo pàgọ́, inú mi sì ń dùn pé ẹnikẹ́ni kò rí mi. Kò sí ibi tí wọn kì í ti í rí àlejò nílẹ̀ yìí. Ó tó aago méjìlá òru tí iná tọ́ọ̀ṣì mẹ́rin yí àgọ́ mi ká, tí ohùn kan sì pàṣẹ pé kí n na ọwọ́ méjèèjì sókè kí n sì jáde. Àwọn ọdẹ tí wọ́n ń ṣọ́ abúlé ni, ìbọn ṣakabùlà sì wà lọ́wọ́ méjì nínú wọn. Àgọ́ aláwọ̀ ewé tí mo rà nítorí pé kò ní í hàn láàárín ewé ni ó wá di ẹ̀rí tí ó lágbára jù lọ lòdì sí mi: wọ́n ní kí ni olóòótọ́ ènìyàn fẹ́ fi ohun tí kò hàn ṣe?

Wọ́n mú mi dé ọ̀dọ̀ baálẹ̀. Bàbá náà kò jágbe mọ́ mi. Ó ní kí n jókòó, ó ní kí wọ́n bu omi fún mi, lẹ́yìn náà ó béèrè nọ́ńbà fóònù ẹnì kan tí ó lè jẹ́rìí sí irú ènìyàn tí mo jẹ́. Fóònù mi ti kú, nọ́ńbà kan ṣoṣo tí mo sì mọ̀ sórí ni ti màmá mi, ẹni tí ó gbà pé ìpàdé ibi iṣẹ́ ni ó gbé mi lọ sí Ìbàdàn. Màá padà sórí èyí. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ baálẹ̀ ni mo sùn mọ́jú, nígbà tí mo sì ń dágbére láàárọ̀, ohun tí bàbá sọ ni pé bí ó bá jẹ́ pé ọ̀dọ̀ òun ni mo kọ́kọ́ yà sí, inú oko kajú yẹn náà ni òun ì bá ní kí n sùn sí, torí òun ni òun ni ín.

Láti ọjọ́ náà, n kò pàgọ́ níbi tí n kò tíì kí ẹnikẹ́ni mọ́. Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni mo máa ń dá ìrìn dúró, nítorí pé ẹni tí ó bá wọ abúlé nígbà tí ojú ọjọ́ ṣì mọ́, àlejò ni, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá wọ̀ ọ́ lóru, ẹjọ́ ni. Mo máa ń ṣí akoto kúrò lórí kí n tó dé àwọn ilé àkọ́kọ́, màá pa ẹ́ńjìnì, màá sì máa fẹsẹ̀ rìn ti máṣíìnì, kí wọ́n lè rí ojú mi. Ìyá àgbàlagbà tí ó bá jókòó síwájú ilé ni mo máa ń bi ní ọ̀nà ilé baálẹ̀. Níbẹ̀, màá dọ̀bálẹ̀, màá sọ orúkọ mi àti ti bàbá mi, ibi tí mo ti ń bọ̀, ibi tí mo ń lọ àti àsìkò tí màá gbéra lọ́jọ́ kejì, màá sì mú káàdì ìdánimọ̀ mi jáde kí wọ́n tó béèrè. Má ṣe béèrè bóyá o lè pàgọ́. Béèrè ibi tí wọ́n fẹ́ kí o pa á sí. Ìbéèrè àkọ́kọ́ ń fún wọn láyè láti lé ọ, èkejì ń sọ ọ́ di àlejò wọn. Nítorí bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe sùn lọ́gbà ilé ẹ̀kọ́, lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́ṣáláṣí, àti nílé epo tí ó ní ọlọ́dẹ. Máa mú búrẹ́dì Agége méjì dání ní ọjọ́ àkọ́kọ́, nítorí pé ẹni tí ó ti Èkó dé láìmú búrẹ́dì lọ́wọ́, ojú máa ń tì í. Lẹ́yìn ìyẹn, obì àti orógbó tó. Àwọn ọmọdé yóò yí àgọ́ rẹ ká. Jẹ́ kí wọ́n wọ inú rẹ̀ wò lẹ́ẹ̀kan, lẹ́yìn náà wọ́n á jẹ́ kí o sùn.

Ní ti ọ̀nà, láti Èkó gan-an ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹfà ọdún 2022 ni ìjọba fòfin de ọ̀kadà ní ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́fà, Sùúrùlérè wà nínú wọn, nígbà tí ó sì di oṣù Kẹsàn-án wọ́n fi Kòsọ́fẹ́, Oṣòdì-Ìsọlọ̀, Ṣómólú àti Mushin kún un. Nọ́ńbà tìrẹ lè jẹ́ aláwọ̀ búlúù tí í ṣe ti àdáni, kì í ṣe pupa ti akérò, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá rí Boxer lójú pópó kì í wo nọ́ńbà kí ó tó dì í mú. Wọ́n dá mi dúró lẹ́ẹ̀mejì láàárín wákàtí kan, ìwé mi sì pé. Ohun tí mo ṣe ní ìrìn-àjò kẹta, ní oṣù Kejìlá ọdún 2023, ni pé mo san owó fún awakọ̀ ẹlẹ́rù kan kí ó gbé máṣíìnì náà dé Sángò Ọ̀tà, mo sì bẹ̀rẹ̀ síí gùn ún láti ibẹ̀. Kò dùn mọ́ ẹni tí ó fẹ́ gbéra láti ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀, ṣùgbọ́n ó sàn ju kí ìsinmi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta parí síwájú àgọ́ ọlọ́pàá.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kò tó láti yí Nàìjíríà ká. Mú ìdajì kan tí o lè gbádùn. Láti Sángò, gba Ìfọ̀ lọ sí Abẹ́òkúta, kí o jẹ́ kí àwọn tírélà máa jà lójú ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn. Lọ sí Ìṣẹ́yìn, kí o gun òkè Àdó-Àwáyé lọ wo adágún Ìyákẹ́ tí ó wà lórí rẹ̀. Gba Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́ dé Ìlọrin, kí o lọ wo odò Ọya ní Jẹ́bà. Nígbà tí o bá ń bọ̀, gba Ọ̀fà àti Ìkìrun dé Òṣogbo, kí o yà sí omi tí ń já wálẹ̀ láti orí òkè ní Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà àti ìsun omi Ìkógòsì níbi tí omi gbígbóná àti omi tútù ti pàdé, lẹ́yìn náà Àkúrẹ́ àti òkè Ìdànrè, kí o sì gba Ìjẹ̀bú-Òde wálé. Ṣùgbọ́n ìlànà tí mo kọ yìí kì í ṣe àṣẹ. Láràárọ̀ ni kí o máa yà sí gáréèjì kí o bi àwọn awakọ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ọ̀nà náà dé, nítorí pé ọ̀rọ̀ ajínigbé kì í dúró sójú kan. Bí wọ́n bá ní kí o má lọ, yí padà láì bá wọn jiyàn. Ohun kan tún wà tí mo kọ́ fúnra mi: bí àwọn tí wọ́n ń ta iṣu àti èédú lẹ́bàá ọ̀nà bá ti pòórá lójijì, tí o gùn tó kìlómítà mẹ́wàá láìrí ẹnì kan tí ó pate, ọ̀nà náà kò dára, padà sẹ́yìn.

O ní àwọn ọ̀rẹ́ rẹ ń sọ pé Boxer kéré jù, pé Honda ńlá bí èyí tí Kúnlé Adéyanjú gùn láti Lọ́ńdọ̀nù dé Èkó fún ọjọ́ 41 ní ọdún 2022 ni ó tọ́. Mo bọ̀wọ̀ fún un, ṣùgbọ́n Ọlábísí Àjàlá tí orúkọ rẹ̀ di orúkọ gbogbo arìnrìn-àjò lẹ́nu wa, Vespa ni ó gùn. Kò sí abúlé tí mo dé tí mẹkáníìkì kan kò mọ Boxer tọwọ́tẹsẹ̀, tí kò sì ní wáyà kílọ́ọ̀ṣì rẹ̀ nílẹ̀. Lítà epo kan máa ń gbé mi tó nǹkan bí kìlómítà 40 pẹ̀lú ẹrù, ìyẹn sì ṣe pàtàkì ju ti tẹ́lẹ̀ lọ láti ìgbà tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ epo ní ọdún 2023.

Ẹrù ni ó gbé mi dé ilé ìwòsàn. Ní ọdún 2021, mo di àga tí ń ká, sílíńdà gáàsì kékeré, ìkòkò méjì, kẹ́ẹ̀gì omi àti ṣòkòtò jíìnsì mẹ́rin mọ́ ẹ̀yìn máṣíìnì, gbogbo rẹ̀ sì lé ní kìlógíráàmù 40. Bí ẹrù bá ga, tí ó sì wà lẹ́yìn táyà ẹ̀yìn, ṣe ni ó ń gbé táyà iwájú fúyẹ́. O kò ní í mọ̀ ọ́n lójú ọ̀nà títẹ́jú, àfi ìgbà tí o bá ń sọ̀ kalẹ̀. Ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ Ẹ̀fọ̀n Aláayè, níbi kọ́nà kan tí òkúta wẹ́wẹ́ wà, mo yí ọwọ́, ṣùgbọ́n táyà iwájú kò yí. Egungun ọrùn-ọwọ́ òsì mi ṣẹ́, akoto mi sì là. Nígbà tí Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó sọ akoto di dandan ní ọdún 2009, igbá ni àwọn ọlọ́kadà kan dé sórí, a sì fi wọ́n rẹ́rìn-ín. N kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ní ìgbà kẹta, kìlógíráàmù 13 ni mo dì: àgọ́, tàpólì, àpò ìsùn tí mo rà nínú òkìríká ní Yábá, aṣọ ìpààrọ̀ méjì, aṣọ òjò, tíúbù kan, wáyà kílọ́ọ̀ṣì kan, pílọ́ọ̀gì kan, irinṣẹ́ àti tọ́ọ̀ṣì. N kò gbé ìkòkò. Ibi tí ènìyàn bá wà, olóúnjẹ wà níbẹ̀, gàárì àti kúlíkúlí sì ń gba ẹni lọ́wọ́ ebi òru. Rọ́bà tíúbù tí àwọn ọlọ́kadà fi ń di ẹrù ni kí o lò. Ó sàn ju gbogbo okùn tí wọ́n ń tà lówó gọbọi lọ.

Ní ti àgọ́, èyíkéyìí tí ó ní ìbòrí òjò dáa, ṣùgbọ́n rà á ní àwọ̀ tí ó hàn. Tèmi ti di olómi-ọsàn báyìí. Ká etí tàpólì tí o tẹ́ sábẹ́ rẹ̀ sínú kí ó má baà gba omi òjò ró. Wo ilẹ̀ fún ipa ìjàlọ kí o tó kan èèkàn, nítorí pé mo ti bá wọn dìde lẹ́ẹ̀kan, n kò sì fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀. Mú bàtà wọlé nítorí àkekèé. Pààrọ̀ táyà ẹ̀yìn kí o tó gbéra, má sọ pé ó ṣì ń gbọ́ tirẹ̀.

Ó wá ku ti màmá rẹ. Aago méjìlá ààbọ̀ òru ni baálẹ̀ pe tèmi ní Ẹ̀búté-Mẹ́ta, ohun tí ó sì kọ́kọ́ sọ ni pé, “Ẹ má fòyà, màmá, ọmọ yín wà lọ́wọ́ wa.” Àwọn ará ilé gbà pé ajínigbé ni, wọ́n sì ti ń ṣa owó jọ kí ilẹ̀ tó mọ́. Oṣù mẹ́ta gbáko ni màmá mi kò fi bá mi sọ̀rọ̀ gidi. Sọ òtítọ́ fún tìrẹ, kọ orúkọ àwọn ìlú tí o fẹ́ sùn sí sórí ìwé fún wọn, kí o sì máa pè wọ́n láago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ lójoojúmọ́ kí wọ́n lè bá baálẹ̀ sọ̀rọ̀. Màmá mi ń ṣe bẹ́ẹ̀ báyìí, wọ́n sì máa ń bá baálẹ̀ ná iye tí iṣu ń lọ lọ́hùn-ún kí wọ́n tó dá fóònù padà fún mi.