Ẹ Bi Wá: Ilé Páálí fún Ẹni Tí Ilé Wó Mọ́ Lórí

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo gbọ́ pé ará Jàpáànù kan ń fi páálí kọ́lé fún àwọn tí kò nílé mọ́. Ṣé òjò ò ní wó o ni? Ta ló sì gbà láti sùn sínú páálí? *(Olùkàwé, Ìbàdàn)*

Èsì: Shigeru Ban, ayàwòrán ilé, lẹ ń sọ. Nígbà tí ilẹ̀ mì tìtì ní ìlú Kobe ní Jàpáànù lóṣù kìíní ọdún 1995, ìjọba to ilé onígbà díẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ rẹ̀ jìnnà. Àwọn ará Vietnam tó ń ṣiṣẹ́ bàtà ládùúgbò Nagata ò fẹ́ kó lọ. Bí wọ́n bá kó lọ, iṣẹ́ bọ́ nìyẹn. Abẹ́ ọ̀rá ni wọ́n ń sùn. Ohun tí wọ́n ń fẹ́ ni ilé tó máa wà nítòsí ibiṣẹ́, ìyẹn sì ni Ban yàwòrán lé lórí: ilé tí ẹni tí kì í ṣe kọ́lékọ́lé lè tò, tó sì ṣeé tú palẹ̀ lọ́jọ́ tí ilé gidi bá dé.

Kì í ṣe páálí pẹlẹbẹ o. Rọ́ọ̀lù ni, irú èyí tí wọ́n ń ká kápẹ́ẹ̀tì lé: ìbú rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 106, ara rẹ̀ nípọn tó mìlímítà 4. Kéréètì bíà tí wọ́n ki àpò iyanrìn bọ̀ ni ìpìlẹ̀. Wọ́n na rọ́ọ̀lù ró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn di ògiri, wọ́n fi téèpù fóòmù tí omi kì í wọ̀ há àárín wọn. Aṣọ àgọ́ ni òrùlé. Mítà 1.8 tó wà láàárín ilé méjì di ojúde wọn. Owó ohun èlò ilé kan ò tó dọ́là 2,000.

Ẹnu ibi tí wọ́n ti gé páálí lomi ti ń wọ̀ ọ́, pàápàá ẹnu ìsàlẹ̀. Ìdí tí kéréètì fi wúlò nìyẹn. Bí etí òrùlé bá kúrú, omi tó ń ta sókè yóò ba ìsàlẹ̀ ògiri jẹ́.

Ìbéèrè: Ikán ńkọ́? *(Olùkàwé, Abẹ́òkúta)*

Èsì: Wọ́n rò ó. Lẹ́yìn wàhálà Rwanda ọdún 1994, UNHCR, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ asásàálà, pín ọ̀rá fún àwọn asásàálà kí wọ́n wá igi fúnra wọn. Igbó bẹ̀rẹ̀ sí í pá. Wọ́n wá fún wọn ní òpó aluminíọ̀mù. Àwọn asásàálà tà á, wọ́n padà sídìí igi gígé. Ẹ má bá wọn wí: nǹkan olówó ńlá lọ́wọ́ ẹni tí ebi ń pa, ọjà ló ń lọ. Páálí ò lówó lórí, òun ni Ban ṣe dábàá rẹ̀. Oríṣi mẹ́ta ni wọ́n kọ́kọ́ yẹ̀ wò, ikán wà lára ìdánwò náà, kí wọ́n tó to 50 sí Rwanda.

Ìbéèrè: Ẹgbẹ́ àdúgbò wa fẹ́ bá ayàwòrán ilé kan ṣiṣẹ́ fún àwọn tí omíyalé lé jáde. Ibo la ti máa bẹ̀rẹ̀? *(Olùkàwé, Ìkòròdú)*

Èsì: Ọjà ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ lọ, kí ayàwòrán tẹ̀ lé yín. Ní Gujarat ní Íńdíà, níbi tí Ban ti kọ́ irú ilé yìí lẹ́yìn tí ilẹ̀ mì lọ́dún 2001, kéréètì bíà ò sí (òfin ibẹ̀ ò gba ọtí láàyè), àwókù ilé ni wọ́n fi ṣe ìpìlẹ̀, wọ́n sì fi amọ̀ tẹ́ ilẹ̀. Ọparun ni egungun òrùlé. Wọ́n tẹ́ ẹní lé e, ọ̀rá tẹ̀ lé ẹní, ẹní tún bo ọ̀rá. Ihò ẹní ní ẹ̀gbẹ́ òrùlé ń jẹ́ kí èéfín oúnjẹ jáde, èéfín yẹn sì ń lé ẹ̀fọn.

Ìlànà Sphere, tí àwọn àjọ ìrànwọ́ kárí ayé ń tẹ̀ lé, ní ẹnì kan ò gbọdọ̀ ní kéré sí square mítà 3.5 lábẹ́ òrùlé, láìka ibi ìdáná. Ìdílé ẹni márùn-ún yóò gba 17.5. Ní Turkey, níbi tí Ban tún kọ́ irú ilé yìí sí, mítà 3 níbùú, mítà 6 lóòró ni wọ́n lò, nítorí bí plywood ibẹ̀ ṣe tó àti nítorí pé ìdílé wọn pọ̀. Ẹ fi ẹfun fa ìwọ̀n náà sílẹ̀, kí ìdílé kan tẹ́ ẹní wọn síbẹ̀, kí wọ́n gbé àpótí àti ìkòkò kalẹ̀. Ibi tí wọ́n bá ti ń tẹra wọn lẹ́sẹ̀, kí ayàwòrán tún un ṣe níbẹ̀, lójú wọn.

Kí ẹ tó ra ìṣó kan, ẹ gba ìwé lọ́wọ́ onílẹ̀, kí iye oṣù tí ilé yóò lò níbẹ̀ wà nínú rẹ̀.