Ẹ Bi Mí Léèrè: Orin footwork tí àwọn ọmọ Spéìn ń gbé jáde

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, Àǹtí. Fuenlabrada, nítòsí Madrid, ni mò ń gbé. Ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún 17, kò gbọ́ orin mìíràn mọ́ àyàfi èyí tí wọ́n ń pè ní footwork. Ó ní àwọn ọmọ Spéìn náà ń ṣe é, pé tuntun ń jáde lemọ́lemọ́, ó sì ń tọrọ owó lọ́wọ́ mi láti máa rà wọ́n. Èmi ò gbọ́ ju ìlù tó ń sáré, tí kò ríbi dúró sí. Ṣé orin nìyí? Kí ló yà á sọ́tọ̀ sí juke tó tún máa ń dárúkọ? Ṣé kí n fún un lówó náà? – Ìyá Dámi

Ìdáhùn: Ìyá Dámi, ẹ kú iṣẹ́ ọmọ. Orin ni, ojúlówó orin sì ni. Ẹ ní kí Dámi tan ọ̀kan, kí ẹ̀yin náà dìde dúró. Bíìtì bí 160 ló ń lọ ní ìṣẹ́jú kan, ṣùgbọ́n ẹ má sá tẹ̀lé e. Ẹ máa rìn lójú kan, kí ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan máa gba bíìtì méjì. Tí ẹ bá fi ẹsẹ̀ ọ̀tún bẹ̀rẹ̀, ẹ ó rí i pé nínú ọ̀pọ̀ orin wọ̀nyí, ẹsẹ̀ òsì ni pàtẹ́wọ́ máa ń bá. Ibẹ̀ ló dúró sí. Ìrìn ẹni tí kò kánjú ni.

Bí ẹsẹ̀ yín bá ti mọ̀nà, ẹ wá gbọ́ básì. Ẹ pín bíìtì mẹ́rin sí ọ̀nà 16. Básì á lu èkíní, á fo méjì, á lu ẹ̀kẹrin, á tún fo méjì. Bẹ́ẹ̀ ni yóò máa ka mẹ́ta-mẹ́ta lẹ́ẹ̀mẹrin, kó tó ka méjì lẹ́ẹ̀mejì, kí 16 lè pé. Wọn kì í lù ú báyìí nígbà gbogbo, ṣùgbọ́n ẹ ó pàdé e dáadáa, ìṣẹ́jú àáyá kan àbọ̀ sì ni gbogbo rẹ̀ ń gbà. Ohun tó ń dà yín láàmú nìyẹn: básì ń ka mẹ́ta, pàtẹ́wọ́ ń ka méjì. Gúdúgúdú àti ìyáàlù kì í sọ ọ̀rọ̀ kan náà, síbẹ̀ a ń jó sí wọn.

Ní ti juke, Chicago ní Amẹ́ríkà ni ilé àwọn méjèèjì, lọ́wọ́ àwọn ọmọ aláwọ̀ dúdú ibẹ̀. Ghetto house, orin ijó kan tó ti wà ní Chicago tẹ́lẹ̀, ló bí juke, inú juke ni footwork ti jáde. Juke wà fún àríyá: ìlù ńlá rẹ̀ ń dún lórí gbogbo bíìtì, kí gbogbo ilé lè jó. Footwork wà fún oníjó méjì tó kojú ara wọn láàárín agbo, tí wọ́n ń fi ẹsẹ̀ bára wọn díje. Àwọn di-jéè wá ń yọ ìlù ńlá yẹn kúrò, wọ́n fi àlàfo sílẹ̀, kí ẹsẹ̀ oníjó lè dí i. Ọ̀kan nínú àwọn di-jéè yẹn ni RP Boo, òun fúnra rẹ̀ sì jẹ́ oníjó nínú ẹgbẹ́ oníjó House-O-Matics. "Baby Come On" tó ṣe ní 1997 ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kà sí footwork àkọ́kọ́. DJ Rashad àti DJ Spinn pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ wọn, Teklife, wá gbé e dé ibi tí ojú ò tó. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ àwo *Double Cup* tí Rashad gbé jáde ní 2013. Ó kú ní oṣù kẹrin ọdún 2014, ọmọ ọdún 34 péré. Ikú yẹn ṣì ń dùn mí.

Báwo ló ṣe dé Spéìn? Ní 2010, ilé-iṣẹ́ orin Planet Mu ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kó iṣẹ́ àwọn ará Chicago jọ sínú àwo *Bangs & Works*. Àwo yẹn ló jẹ́ kí ọ̀pọ̀ ọmọ Yúróòpù gbọ́ ọ. Orin tó ń sáré kò sì ṣàjèjì sí àwọn ará Spéìn. Orin makina tí àwọn ará Catalonia ń jó láti àwọn ọdún 1990 ń sáré tó bẹ́ẹ̀, òmíràn jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Èrò tèmi ni èyí tó kù: flamenco, orin àti ijó ìbílẹ̀ Spéìn, ti pèsè etí wọn sílẹ̀ tipẹ́. Ẹ gbọ́ bulería, ọ̀kan nínú àwọn ìlù flamenco. Méjìlá ni wọ́n ń kà, pàtẹ́wọ́ sì ń tẹ̀ mọ́ 12, 3, 6, 8 àti 10. Ẹ ṣírò rẹ̀: mẹ́ta, mẹ́ta, méjì, méjì, méjì. Ẹni tó bá gbọ́ èyí dàgbà, tó sì ń wo oníjó tó ń fi bàtà lu pákó, kò ní bẹ̀rù básì tó ń ka mẹ́ta. N kò sọ pé ọ̀kan bí èkejì o.

Ẹ ní kí Dámi wá BSN Posse, àwọn ọmọ Spéìn méjì kan, àti Iberian Juke tó ti kó iṣẹ́ àwọn ará ibẹ̀ jọ. Lórí Bandcamp, ìkànnì tí àwọn olórin ti ń ta orin wọn, kí ó tẹ footwork pọ̀ mọ́ Madrid tàbí Barcelona, tuntun á máa yọjú. Kí ó ṣáà máa fi ohun kan dán wọn wò: ṣé àyè wà níbẹ̀ fún ẹsẹ̀? Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣe é lẹ́yìn odi Chicago kì í lè fi àlàfo sílẹ̀. Wọ́n á da ìlù bo gbogbo rẹ̀, á dùn létí, ṣùgbọ́n oníjó ò ní ríbi wọlé. Èyí tó bá fi àyè sílẹ̀ ni kó rà.

Ẹ fún un lówó, Ìyá Dámi. Nínú owó orin tí ẹ bá rà lórí Bandcamp, ìdá 15 nínú 100 ni ìkànnì náà sábà máa ń yọ. Lẹ́yìn owó báńkì, èyí tó kù di ti olórin tàbí ti ilé-iṣẹ́ tó gbé orin rẹ̀ jáde. Òmíràn tilẹ̀ wà tí olórin ní kí ẹ fi iye tó wù yín lé. Ṣùgbọ́n ẹ bá a dá májẹ̀mú kan: kí ó tó ra ti Spéìn, kí ó kọ́kọ́ ra ti RP Boo kan. Ẹni tó ń jẹ oúnjẹ yẹ kó mọ ẹni tó sè é.

Ìbéèrè: Àǹtí, mo gbọ́ footwork lórí fóònù mi, n kò gbọ́ básì kankan, tótótó lásán ni. Ṣé bó ṣe rí nìyẹn? – Káyọ̀dé, Abẹ́òkúta

Ìdáhùn: Rárá o, Káyọ̀dé. Básì wọn wà nísàlẹ̀ pátápátá, ní nǹkan bí 50 Hz, ẹnu fóònù ò sì lè gbé e. Fi earpiece tó dára sétí, tàbí kí o so fóònù mọ́ ẹ̀rọ tó ní sípíkà ńlá. Tí básì bá ti wọlé, padà sókè, kí o ṣe ohun tí mo ní kí Ìyá Dámi ṣe.