Ẹ lọ sí ìpàdé náà, ṣùgbọ́n ẹ má tíì fọwọ́ síwèé

Àbúrò mi, mo ka ọ̀rọ̀ rẹ tán, mo sì tún un kà. O ní àwọn kan fẹ́ kọ́ ilé iṣẹ́ tí yóò máa fi ẹ̀gẹ́ ṣe sítáàṣì sí etí igbó ìjọba ní apá Kétu, níhìn-ín ní ilẹ̀ Benin wa, pé wọ́n ti pe gbogbo abúlé yín sí ìpàdé, àti pé àwọn àgbà kan ní kí ẹnikẹ́ni má lọ, nítorí ẹni tó bá yọjú ti gbà nìyẹn. O wá bèèrè bóyá kí ẹ lọ ni àbí kí ẹ jókòó sílé.

Ẹ lọ. Tọkùnrin tobìnrin, tọmọdé tàgbà. Bí ẹ ò bá lọ, wọn yóò rí ẹni mẹ́wàá láti abúlé mìíràn tí yóò jókòó sórí bẹ́ńṣì yín. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ ṣọ́ ni ìwé tí wọn yóò gbé káàkiri níbẹ̀. Ìwé bẹ́ẹ̀ ló mú wa ní Ṣábẹ.

Abúlé wa wà lẹ́sẹ̀ ọ̀kan nínú àwọn òkè Ṣábẹ. Ẹni tó bá ti gba ojú títì Kútọnu sí Paráku rí ti rí wọn, àpáta ńláńlá tó kàn dédé yọ láàárín pápá. Orí wọn ni àwọn baba wa sá sí nígbà ogun. Igbó òrìṣà kan wà lẹ́sẹ̀ òkè tiwa. Kò tóbi, ṣùgbọ́n a kì í gé igi níbẹ̀, a kì í sì í dáná síbẹ̀: ìrókò wà níbẹ̀, igi igbá tí à ń fi èso rẹ̀ ṣe irú wà níbẹ̀, igi ẹ̀mí tí à ń fi èso rẹ̀ ṣe òrí náà wà níbẹ̀. Odò kékeré tó ń ṣàn gba ibẹ̀ kọjá a máa gbẹ níbi gbogbo lẹ́ẹ̀rùn, àfi nínú igbó yẹn. Irú àti gààrí ni mo ń ṣe tà. Etí igbó náà ni èmi àti ìyá mi ti ń ṣa igbá.

Àwọn tó fẹ́ fọ́ òkúta dé. Wọ́n ní ẹ̀yìn òkè lọ́hùn-ún ni àwọn máa wà, pé àwọn ò ní fọwọ́ kan igbó. Wọ́n pe ìpàdé sábẹ́ igi máńgòrò, wọ́n sọ̀rọ̀ iṣẹ́ fún àwọn ọ̀dọ́, wọ́n sọ̀rọ̀ ilé ìwé. Wọ́n wá gbé ìrẹsì àti ọtí ẹlẹ́rìndòdò jáde. Ọmọkùnrin kan ń gbé ìwé káàkiri, ó ní ká kọ orúkọ wa kí àwọn lè mọ iye abọ́ oúnjẹ tí àwọn máa bù. Ìyá mi ò mọ̀wé, ó tẹ àtàǹpàkò rẹ̀. Mo kọ tèmi sábẹ́ tirẹ̀. Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ àwọn obìnrin nígbà náà o, mo sì ń ka Faransé dáadáa.

Oṣù mélòó kan lẹ́yìn náà, nígbà tí katakata ti wọ inú igbó, a kó ara wa lọ sí mairie, ilé iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀, láti fi ẹjọ́ sùn. Ọ̀gá tó gbà wá kò bá wa jà. Ó ṣí fáìlì, ó yí i sí wa. Ìwé ìpàdé wa ló wà lẹ́yìn étude d'impact, ìwé ìwádìí lórí ohun tí iṣẹ́ náà máa ṣe sí àyíká. Lókè pátápátá, kó tó kan orúkọ ẹni àkọ́kọ́, ìlà kan wà lédè Faransé pé wọ́n ti fọ̀rọ̀ lọ àwọn ará abúlé, wọ́n sì fara mọ́ iṣẹ́ náà. Ìlà yẹn ti wà níbẹ̀ lọ́jọ́ ìpàdé. Mi ò kà á ni. Àtàǹpàkò ìyá mi wà lábẹ́ rẹ̀, ó ṣì dúdú.

Nítorí náà, bí wọ́n bá gbé ìwé dé ọ̀dọ̀ yín, kí ẹnì kan tó mọ Faransé kà á sókè láti ìlà àkọ́kọ́, kó sì túmọ̀ rẹ̀ fún gbogbo ìjókòó. Bó bá jẹ́ orúkọ àwọn tó wá ni wọ́n ń fẹ́, kí ìwé náà sọ bẹ́ẹ̀ nìkan. Kí ẹ kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ yín pé ẹ wá gbọ́rọ̀ ni, ẹ ò tíì gbà. Ẹ ya fọ́tò ìwé náà kó tó kúrò níwájú yín. Kí wọ́n sì jẹ oúnjẹ wọn lẹ́yìn tí ọ̀rọ̀ bá parí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí òfin dúró, torí àwọn èèyàn yóò sọ fún yín pé ìjọba ti gbà, ó parí. Òfin lórí àyíká tí ilẹ̀ wa ṣe ní oṣù Kejì ọdún 1999 sọ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tí òfin bá ní kó ṣe étude d'impact láìtẹ̀lé ètò rẹ̀. Àwọn ABE, àjọ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àyíká, ló ń yẹ ìwé náà wò. Bó bá yege ni ìjọba yóò fún onílé iṣẹ́ ní certificat de conformité environnementale, ìwé ẹ̀rí pé iṣẹ́ náà bá òfin àyíká mu. Òfin yẹn kan náà ló fàyè gba audience publique, níbi tí àwọn tí iṣẹ́ náà kàn ti lè sọ tẹnu wọn kí wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ béèrè lójú gbogbo èèyàn: níbo ni étude d'impact yín wà, ṣé a lè rí i kà, kí ni nọ́ńbà certificat yín? Bí wọn ò bá tíì ní in, kò yẹ kí katakata kankan ti dé. Abala 27 nínú òfin àgbà wa, ti ọdún 1990, fún gbogbo èèyàn lẹ́tọ̀ọ́ sí àyíká tó dára, ó sì ní ojúṣe wa ni láti dáàbò bò ó. Bí wọ́n bá pè yín ní ọ̀tá ìlọsíwájú, ẹ ka abala yẹn fún wọn.

Ẹ má fi ẹnu lásán fẹjọ́ sùn. Ẹ kọ lẹ́tà, ẹ ṣe é ní ẹ̀dà méjì, kí wọ́n lu òǹtẹ̀ sórí ọ̀kan kí ẹ gbé e padà. Décharge yẹn ni ẹ̀rí yín. Ẹ̀ẹ̀mẹrin la lọ kí a tó mọ èyí, gbogbo ohun tí a sọ ní ẹ̀ẹ̀mẹ́ta àkọ́kọ́ kò sì sí níbì kankan.

Ọ̀rọ̀ ààlà tún wà. Igbó ìjọba kì í ṣe ohun tí ìdílé kan lè tà, àmọ́ etí rẹ̀ ni àwọn alágbàtà ilẹ̀ ti ń ṣeré. Wọ́n á ra oko ẹnì kan, wọ́n á fà á wọnú igbó díẹ̀díẹ̀. Ẹ pe àwọn aṣọ́gbó ìjọba kí wọ́n wá fi ọ̀wọ̀n ààlà hàn yín lójú gbogbo abúlé. Ní tiwa, lọ́dún 2012 ni ìwé àṣẹ ìjọba ti jáde tó fi ọ̀nà hàn láti mú igbó òrìṣà wọnú ìwé ìjọba. A ò mọ̀. Nígbà tí a dé mairie, wọ́n bi wá pé igbó wo, torí kò sí nínú ìwé wọn.

Èmi ò kórìíra ilé iṣẹ́. Ọmọ mi ṣiṣẹ́ fún wọn fún ọdún méjì, owó rẹ̀ la fi kọ́ yàrá tí mo ń gbé. Ó ń wúkọ́ báyìí. Eruku òkúta yẹn wẹ́ débi pé ojú ò rí i, ó ń wọnú ẹ̀dọ̀fóró, èyí tó bá sì ti bà jẹ́ níbẹ̀ kò sí oògùn tó ń dá a padà. Eruku náà bo òdòdó kajú lásìkò ọyẹ́. Ìtànná tó bọ́ sílẹ̀ lọ́dún yẹn, mi ò rí irú rẹ̀ rí.

Tiyín yàtọ̀, omi ni kí ẹ máa bi wọ́n. Ẹ lọ bá obìnrin èyíkéyìí tó ń ṣe gààrí, kó fi ibi tí omi ẹ̀gẹ́ ń dà sí hàn yín. Koríko kì í hù níbẹ̀. Ẹ̀gẹ́ ní májèlé, ìdí nìyẹn tí a fi ń jẹ́ kó kan, tí a sì ń fún un. Àpò mẹ́ta péré ni èmi ń fún lọ́jọ́ ọjà. Ilé iṣẹ́ yóò fún ọkọ̀ àjàgbé lọ́jọ́ kan. Níbo ni omi yẹn ń lọ? Wọ́n á ní inú kòtò. Ẹ bi wọ́n bí kòtò náà ṣe tóbi tó, kí ni wọ́n fi rẹ́ ìsàlẹ̀ rẹ̀, àti ohun tó máa ṣẹlẹ̀ nígbà òjò, nígbà tí kòtò bá kún tí ó sì wà lókè odò tí ẹja yín wà. Kí wọ́n kọ ìdáhùn sílẹ̀.

Kí ìpàdé tó dé, ẹ gbé fóònù, kí ẹ ya odò yẹn, kí ẹ ya gbogbo kànga abúlé, kí ọjọ́ hàn lórí fọ́tò. Ẹ bu omi sínú ìgò mímọ́, kí ẹ kọ orúkọ ibi tí ẹ ti bù ú sára rẹ̀. Lọ́dọ̀ wa, ibi tí àpáta ti sán ni omi abẹ́ ilẹ̀ ń gbà. Lẹ́yìn tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀tù fọ́ òkè, kànga méjì gbẹ, ti ẹbí wa wà nínú rẹ̀. Wọ́n ní bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ nìyẹn. A ò ní fọ́tò kankan tó fi hàn pé omi wà níbẹ̀ rí.