Ìbéèrè Yín: Kí Ló Dé Tí Róbọ́ọ̀tì Wa Ń Yà Sọ́tùn-ún?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Tíṣà ni mí ní Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì, àwọn ọmọ wa sì ń múra ìdíje róbọ́ọ̀tì. Wọ́n fún wa ní kọ̀ntíróólà àlòkù, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń díwọ̀n iná tó ń lọ sí motor: Victor 884 méjì, Talon SRX méjì. A fi Victor kan sí táyà òsì, Talon kan sí tọ̀tún. Àwọn tó kù wà ní apá róbọ́ọ̀tì náà. Tó bá ń sáré tete, tààrà ló ń lọ. Tí a bá ní kó rọra, ó ń yà sọ́tùn-ún. Motor kan náà ni o. Kí ló fà á?

ÌDÁHÙN: Tíṣà, ẹ kú akitiyan. Ẹ má tú motor kankan.

Victor 884 ti pẹ́. Ìgbà 120 ló ń ṣí iná tó sì ń pa á ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Talon SRX ju 15,000 lọ. Ẹ wo télọ̀ nídìí ẹ̀rọ ẹlẹ́sẹ̀: tó bá tẹ̀ ẹ́ tó gbẹ́sẹ̀, kẹ̀kẹ́ rẹ̀ á ṣì máa yí. Bí ti Victor ṣe rí nìyẹn. Iná á ti gbẹ nínú motor kí òmíràn tó dé, motor á sì máa yí lọ láìsí ìdádúró. Talon kì í jẹ́ kó gbẹ. Tí ẹ bá wá ní kí àwọn méjèèjì ṣe ìdajì, tòsì á sáré ju ìdajì lọ, àgàgà tí ẹrù bá fúyẹ́. Tí ẹ bá ṣí i tán pátápátá, iná ò já mọ́, wọ́n á dọ́gba.

Ẹ kó Talon méjèèjì sídìí táyà, kí Victor lọ sí apá.

Ẹ ṣọ́ Victor yẹn o, ó lójú ihò. Èmi fúnra mi pa ọ̀kan ní ṣọ́ọ̀bù mi ní Adó. Mò ń lu alumíníọ̀mù lókè rẹ̀, mi ò fi nǹkan bò ó. Èérún tín-tìn-tín kan gba ẹnu fáànù wọlé. Bí mo ṣe tan bátìrì, ó dún pọ̀ọ̀, òórùn jíjóná gba gbogbo ilé. Ó dùn mí fún ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ fi àkísà bò ó tí ẹ bá ń lu irin, kí ẹ sì rí i pé fáànù ń yí.

Talon dé pinpin, kò ní fáànù, àmọ́ wáyà rẹ̀ máa ń ṣi àwọn ọmọ lọ́nà. Pupa àti dúdú lọ sí bátìrì; funfun àti àwọ̀ ewé tó nípọn lọ sí motor. Àwọ̀ ewé tín-ínrín tó wà pẹ̀lú yẹ́lò, ti ìròyìn nìyẹn, kò gbọdọ̀ kan bátìrì. Ẹ jẹ́ kí ọmọ kan ka àwọ̀ wọn sókè, kí òmíràn fọwọ́ tọ́ka, kí ẹ tó tan iná.