Èéfín particle tó ń jọ òwú

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ ní èéfín tí ẹ fi particle (àwọn ẹyọ kéékèèké tí kọ̀ǹpútà ń tú jáde lọ́pọ̀) ṣe nínú Blender, ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń ṣe àwòrán 3D, ń jọ ẹ̀gbọ̀n òwú tí wọ́n dà sókè, pé ẹ ti gbé Number, ìyẹn iye particle, dé 20000, àmọ́ kò sí ohun tó yí padà ju pé kọ̀ǹpútà yín ń wọ́ lọ. Ẹ dá a padà sí 500. Kì í sábà jẹ́ pé particle kò pọ̀ tó. Bí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ṣe ń dàgbà tó sì ń kú ni kí ẹ mójú tó.

Ẹ wo èéfín gidi. Níbi tó ti ń jáde, ó tín-ín-rín, ó ki, ó sì ń sáré. Bó ṣe ń gòkè ló ń gba afẹ́fẹ́ mọ́ra, ó ń fẹ̀, eré rẹ̀ ń dínkù, ó sì ń ṣá títí èèyàn ò fi ní mọ ibi tó parí sí. Particle tí kò bá fẹ̀ sí i láti ìgbà tí wọ́n bí i, ojú ẹnikẹ́ni á ká a pé ayédèrú ni.

Fífẹ̀ yẹn ni mo máa ń kọ́kọ́ mú, ibi tí wọ́n sì tọ́jú rẹ̀ sí máa ń bí mi nínú. Ẹ fi texture irú Blend (àwọ̀ tó ń yí díẹ̀díẹ̀ láti dúdú sí funfun) sí particle system náà, ẹ sọ Coordinates rẹ̀ di Strand / Particle. Lábẹ́ Influence, ẹ mú àmì kúrò lórí Time, ẹ fi í sórí Size. Ọjọ́ orí particle ni texture yẹn á máa tẹ̀ lé láti ìbí dé ikú.

Ti ṣíṣá, inú material (ètò bí ara nǹkan ṣe máa rí) ló wà. Nínú Cycles, ọ̀kan lára ohun tí Blender fi ń ya àwòrán ìkẹyìn, ẹ mú node (àpótí tí wọ́n ń so mọ́ra) Particle Info, ẹ fi Lifetime pín Age, ẹ gba inú ColorRamp kọjá lọ sí Mix Shader, kí Transparent BSDF, èyí tí kì í hàn rárá, wà ní apá kan. Ẹ má jẹ́ kó hàn kedere lójijì. Kó yọ díẹ̀díẹ̀ ní nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá ayé rẹ̀, lẹ́yìn náà kó máa lọ ní pẹ̀lẹ́. Ẹ fún Lifetime Randomness náà ní nǹkan, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ wọ́n á máa kú ní ọjọ́ orí kan náà, òkè èéfín yín á sì dà bí ohun tí wọ́n fi ọ̀bẹ gé.

Tí ó bá jẹ́ plane (ojú pẹlẹbẹ kan) tó ní àwòrán èéfín lára lẹ ń lò, ẹ ṣì máa pàdé àbàwọ́n dúdú níbi tí èéfín bá ti nípọn. Mo ti rí àwọn tó fi odidi òru tún iná tò nítorí rẹ̀. Iná kọ́ o. Iye ìgbà tí Cycles ń jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ la nǹkan tí èèyàn lè rí òdìkejì rẹ̀ kọjá jẹ́ 8 láti ìbẹ̀rẹ̀. Tí plane bá tò lé ara wọn ju bẹ́ẹ̀ lọ, dúdú ló máa fi dí i. Ẹ lọ sí Light Paths, ẹ gbé Transparent dé 32, kí ẹ tún wò ó.

Ìrìn rẹ̀ kò le. Gravity lábẹ́ Field Weights, ẹ sọ ọ́ di 0, kí Wind kékeré máa tì í lọ sókè. Ẹ fi Turbulence, agbára tó ń rú afẹ́fẹ́, kún un, kí Size rẹ̀ fẹ̀ ju particle kan lọ dáadáa, kí ẹ sì gbé Flow sókè kí particle lè máa bá afẹ́fẹ́ lọ dípò kó máa ta gìrì. Ẹ Bake (kí Blender ṣírò ìrìn náà kó sì tọ́jú rẹ̀) kí ẹ tó render, ìyẹn kí ẹ tó ya àwòrán ìkẹyìn.

Tí èéfín náà bá máa kọlu ògiri tàbí tó máa yí ara èèyàn ká nítòsí kámẹ́rà, ẹ fi particle sílẹ̀, ẹ lo Mantaflow, ohun tó ń ṣírò ìrìn èéfín àti omi, tó wọlé pẹ̀lú Blender 2.82 lọ́dún 2020. Fún èéfín tó wà lókèèrè tàbí eruku lẹ́yìn táyà, mi ò ní wulẹ̀ da ara mi láàmú débẹ̀.