Ẹ̀gẹ́ ò ta mọ́: kí ni àyẹ̀wò ilẹ̀ lè sọ fún wa?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Oko ẹ̀gẹ́ ni mo ń dá ní Alábàtà, l'Abẹ́òkúta níbí. Tẹ́lẹ̀, ẹ̀gẹ́ máa ń ta níbẹ̀ gan-an, àmọ́ ní báyìí, tín-ín-rín ló ń rí. Aládùúgbò mi ní kí n bu erùpẹ̀ oko lọ sí Yunifásítì Àgbẹ̀. Báwo ni mo ṣe máa bù ú, kí sì ni wọ́n lè rí níbẹ̀ tí ojú mi ò rí? (Ìyá Ìbejì)

Ìdáhùn: Màmá, ẹ kú làálàá oko. Aládùúgbò yín gbà yín nímọ̀ràn tó dára. Láti ọdún 1988 tí wọ́n ti dá FUNAAB, ìyẹn Yunifásítì Àgbẹ̀ tó sọ yẹn, sílẹ̀ ni ìwádìí tó máa ṣe àgbẹ̀ láǹfààní ti wà lára iṣẹ́ wọn. AMREC ni ẹ̀ka tó ń bá àwọn àgbẹ̀ ṣe pọ̀. Ẹ kọ́kọ́ lọ bá wọn, kí ẹ bèèrè iye tí àyẹ̀wò jẹ́.

Bí ẹ ṣe máa bù ú gan-an ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ sí. Bí ẹ bá bù ú lójú kan ṣoṣo, ọ̀rọ̀ ojú kan yẹn nìkan ni èsì máa sọ. Ẹ rìn kọ́lọkọ̀lọ já gbogbo oko, kí ẹ bù ú ní ibi 15 sí 20. Ẹ gbá ewé kúrò, ẹ gbẹ́ ihò tó jìn tó sẹ̀ǹtímítà 20, kí ẹ wá fi àdá ha ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ẹ má dé ìdí ọ̀gán, ojú ààtàn àtijọ́, ibi tí wọ́n ti dáná, tàbí ibi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ da ajílẹ̀ sí. Inú bókẹ́ẹ̀tì oníke tó mọ́ ni kí ẹ ti pò wọ́n pọ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi àpò ajílẹ̀ gbé e. Èyí tó ṣẹ́kù sínú àpò á ba èsì jẹ́. Ìdajì kílò ti tó. Abẹ́ ìbòòji ni kí ẹ sá a sí, kì í ṣe orí iná. Bí apá kan oko bá jẹ́ àkùrọ̀, ẹ di tirẹ̀ lọ́tọ̀.

Ẹ sọ fún wọn pẹ̀lú ohun tí ẹ ti gbìn síbẹ̀ láàárín ọdún mẹ́ta sẹ́yìn àti ajílẹ̀ tí ẹ lò.

Wọ́n á sọ bóyá ilẹ̀ ti kan, ìyẹn ni pé ásíìdì ti pọ̀ nínú rẹ̀, wọ́n á sì wo nitrogen, phosphorus àti potassium, àwọn èròjà inú ilẹ̀ tó ń bọ́ irúgbìn. Potassium yìí ni mo fura sí jù, torí ẹ̀gẹ́ a máa fà á gan-an, a sì máa gbé e lọ pẹ̀lú gbogbo ohun tí a bá wú tà. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, wọ́n á júwe ajílẹ̀ tó yẹ. Ẹ má sun ewé àti igi ẹ̀gẹ́ tó ṣẹ́kù mọ́: òótọ́ ni pé potassium wà nínú eérú, àmọ́ nitrogen á bá èéfín lọ. Ẹ jẹ́ kí ó jẹrà sórí ilẹ̀, kí ẹ sì fi ẹ̀wà tàbí ẹ̀pà gba ipò ẹ̀gẹ́ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Bí wọ́n bá ní ilẹ̀ ti kan díẹ̀, ẹ má jáyà. Ẹ̀gẹ́ fara da ìyẹn ju àgbàdo lọ.

Ohun kan wà tí erùpẹ̀ ò lè sọ. Bí ewé ẹ̀gẹ́ yín bá ń ká kò, tó ń pọ́n ní àbùlà-àbùlà, àrùn mosaic ni, igi tí ẹ gbìn ló sì ṣeé ṣe kó gbé e wá. Ẹ mú ewé náà dání lọ fi hàn wọ́n, kí ẹ sì ní kí wọ́n júwe ibi tí ẹ ti lè rí igi tó mọ́.

Oṣù kìn-ín-ní tàbí ìkejì ni kí ẹ lọ, kí èsì lè dé ọwọ́ yín kí ẹ tó kọ ebè.