Mo gbé ọwọ́ alùpùpù mi ga, throttle wá ń ṣe ségesège

ÌBÉÈRÈ (láti Houston, Texas): Ẹ kú iṣẹ́ o. Harley-Davidson Road King ọdún 2012 ni mo ń gùn. Mo yọ ọwọ́ tó bá a wá, mo fi èyí tó ga ní ínṣì 14 sí i, èmi náà ni mo sì fa àwọn wáyà rẹ̀ gùn. Ó ń jí dáadáa, àmọ́ bí mo bá lọ́ throttle, nígbà míì á gbọ́, nígbà míì ẹ́ńjìnnì á dúró sórí sílò (eré kékeré tó ń sá bí a kò bá lọ́ throttle), iná ẹ́ńjìnnì á sì tàn. Ìgbà tí mo bá yí ọwọ́ sí òsì ló máa ń pọ̀ jù. Ṣé sensor ló ti bàjẹ́?

ÌDÁHÙN: Ẹ má tíì ra sensor. Ohun tí ẹ sọ nípa apá òsì yẹn, wáyà ló ń tọ́ka sí. Sensor tó ti kú kì í mọ òsì yàtọ̀ sí ọ̀tún.

Láti 2008 ni Harley ti yọ kébù throttle kúrò lára àwọn alùpùpù Touring rẹ̀, Road King yín sì wà lára wọn. Sensor tó wà nínú ihò ọwọ́ ọ̀tún ló ń sọ fún brain box (kọ̀ǹpútà tó ń darí ẹ́ńjìnnì) bí ẹ ṣe lọ́ throttle tó. Wáyà mẹ́fà ló wà lára rẹ̀, torí méjì ni sensor tó wà nínú ẹyọ kan yẹn: ọ̀kọ̀ọ̀kan ní wáyà fólìtì 5 tirẹ̀, wáyà ẹ́ẹ̀tì tirẹ̀, àti wáyà tó ń jíṣẹ́ fún brain box. Ẹ pè wọ́n ní ẹlẹ́rìí méjì. Bí ọ̀rọ̀ wọn kò bá bára mu, brain box kò ní gba ìkankan gbọ́. Á dín agbára kù tàbí kó dá ẹ́ńjìnnì padà sí sílò, kí alùpùpù má baà já mọ́ yín lọ́wọ́. Ohun tó ń ṣe yín náà nìyẹn, ó sì dára pé ó ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ ka kóòdù rẹ̀, ìyẹn nọ́ńbà tí brain box fi ń sọ ohun tó bàjẹ́. Ẹ tẹ bọ́tìnì tí a fi ń dá trip padà sí òdo mọ́lẹ̀, kí ẹ tan switch pẹ̀lú run/stop lórí Run. Bí "diag" bá yọ, ẹ tú bọ́tìnì sílẹ̀. Ẹ tún tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan kí ẹ sì tú u sílẹ̀, ẹ ó rí lẹ́tà PSSPt; P àkọ́kọ́ ni ti brain box. Nígbà tí P yẹn bá ń ṣẹ́jú, ẹ tẹ bọ́tìnì náà fún bíi ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún. P2122 àti P2123 jẹ́ ti sensor kìíní, P2127 àti P2128 jẹ́ ti èkejì. P2138 ní tirẹ̀ ń sọ pé àwọn méjèèjì kò bára mu. Ẹ kọ ohun tí ẹ bá rí sílẹ̀ kí ẹ tó pa á rẹ́.

Lẹ́yìn náà, ẹ pa switch, kí ẹ yọ sọ́kẹ́ẹ̀tì ní ọ̀dọ̀ sensor àti ní ìsàlẹ̀ níbi tó ti wọ ara alùpùpù. Ẹ fi mítà wọn wáyà kọ̀ọ̀kan láti ìparí kan dé èkejì. Kò gbọdọ̀ ju ohm 1 lọ, kò sì gbọdọ̀ fò rárá bí ẹnìkan bá ń yí ọwọ́ láti òsì dé ọ̀tún. Ẹ tún fi mítà sáàárín wáyà kọ̀ọ̀kan àti irin ọwọ́. Wọn kò gbọdọ̀ ní ìfarakanra kankan. Wáyà tó bá fò lẹ́nu mítà ni ẹ ń wá.

Ibi tó sábà máa ń já sí kò pọ̀. Èkíní ni etí ihò tí wáyà gbà jáde láàárín ọwọ́: ó mú bí abẹ, ó máa ń ha rọ́bà wáyà títí irin á fi fara kan irin. Ẹ fi fáìlì yọ ẹnu rẹ̀, kí ẹ fi rọ́bà bò ó. Èkejì ni ibi tí ẹ ti so wáyà. Bó bá jẹ́ pé ẹ kàn lọ́ ọ pọ̀ tí ẹ fi téèpù wé e, ibẹ̀ gan-an ni ìṣòro wà, torí iná inú wáyà wọ̀nyí kéré gan-an, ìpata díẹ̀ sì ti tó láti yí iye tí brain box ń kà padà. Ẹ fi òjé jó o, kí ẹ wọ rọ́bà tí iná máa ń sún kì sórí rẹ̀. Ẹ má ṣe so gbogbo mẹ́fẹ̀ẹ̀fà sójú kan. Ẹ fi bíi sẹ̀ntímítà 3 jìnnà síra wọn, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kókó wọn á di nínú kọ́nà ọwọ́. Ẹ tún wo ẹnu pin inú sọ́kẹ́ẹ̀tì. Bí ẹ bá fà á díẹ̀ tó ń jáde, kò tíì wọlé.

Gígùn tí ẹ fi kún wáyà ńkọ́? Òwú ni kí ẹ fi wọn ipa ọ̀nà rẹ̀ nínú ọwọ́ tuntun, kí ẹ fi bíi sẹ̀ntímítà 5 kún un, kí ọwọ́ lè yí dé òpin láì fà.

Ẹ má sì gbàgbé họ́ọ̀sì bíréèkì. Bó bá na tán nígbà tí ọwọ́ yí dé òpin, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ sí èyí tó gùn, kí ẹ fi epo bíréèkì DOT 4 tuntun sí i, kí ẹ tú afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde.

ÌBÉÈRÈ (láti Ògbómọ̀ṣọ́): Mo fi ọwọ́ gíga sí Bajaj Boxer tí mo fi ń ṣiṣẹ́, torí ẹ̀yìn ń dùn mí. Bí mo bá ti ń yípo báyìí, ẹ́ńjìnnì á máa ké fúnra rẹ̀. Mẹkáníìkì ní kí n dín sílò kù.

ÌDÁHÙN: Ẹ má dín in kù. Kébù throttle ti kúrú fún ọwọ́ náà. Bí ọwọ́ bá ti yí, ó ń fa kébù, kébù náà á sì gbé slide inú kàbúrétọ̀ (ohun tó ń ṣí ọ̀nà afẹ́fẹ́ àti epo sínú ẹ́ńjìnnì) sókè láìjẹ́ pé ẹ lọ́ nǹkan kan. Bí ẹ bá dín sílò kù, yóò máa kú ní iná ojú pópó, yóò sì máa ké bí ẹ bá yí síbẹ̀.

Ẹ ra kébù tó gùn jù. Ẹ má ṣe jẹ́ kí wọ́n so ti àtijọ́ mọ́ òmíràn. Bí ibi ìsopọ̀ yẹn bá há sínú rọ́bà, throttle ò ní padà mọ́. Ẹ gbà á kọjá láìsí kọ́nà líle, ẹ má sì fi okùn dì í mọ́ fọ́ọ̀kì pinpin. Ẹ yí nọ́ọ̀tì rẹ̀ títí throttle á fi ní àyè mílímítà 2 sí 3 kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í fà. Kí ẹ wá gbé e sórí ìdúró àárín, ẹ jẹ́ kó wà ní sílò, kí ẹ yí ọwọ́ dé òpin òsì, kí ẹ tún yí i dé òpin ọ̀tún. Bí ohùn ẹ́ńjìnnì bá yí padà, ẹ má tíì gbé èrò. Kébù kílọ́ọ̀ṣì náà yẹ kí ẹ dán wò lọ́nà yìí kan náà.